Oṣù Mẹ́fà Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Di Agbẹ̀bí

Àdùkẹ́, jókòó. Mo ti jẹ́ ọ, ìkúnlẹ̀ yẹn ti tó, ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa. Ìwé pélébé tí o ká mọ́wọ́ yẹn ni kí o kà sókè kí n gbọ́. "Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ìgbẹ̀bí, oṣù 6 péré, owó kò pọ̀." Oṣù 6! Oyún gan-an, oṣù 9 ló ń lò nínú ìyá. Ìwọ tí o fẹ́ gbà á jáde, oṣù 6 ni o fẹ́ fi kọ́ ọ. Ta ló ṣe ọ báyìí?

Má fajú ro. N kò bínú sí iṣẹ́ tí o yàn. Nígbà tí bàbá rẹ pè mí lórí fóònù pé agbẹ̀bí ni o fẹ́ ṣe, pé inú ilé ni o ti fẹ́ máa gba ẹ̀bí àwọn aboyún tó ń sá fún ọsibítù, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín ayọ̀ ni. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ ilé yìí ló fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Mo ti gbà pé n kò ní rí ẹni tí màá gbé báàgì agbẹ̀bí mi lé lọ́wọ́. Ohun tó bí mi nínú ni pé o ń wá ẹ̀kọ́ kiri bí ẹni tó ń wá tòmátì pọ́ọ́kú ní Ọjà Àtakúmọ̀sà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Èyí tó ti rà ni wọ́n máa ń kó jọ fún èèyàn nírọ̀lẹ́, ìwọ náà mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú oṣù 6 yẹn fún ọ. Wọn yóò gba owó fọ́ọ̀mù, wọn yóò gba owó aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà, ìgbálẹ̀ ló kàn. Wàá máa gbálẹ̀, wàá máa fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, wàá máa pọn omi, wàá máa mú ọmọ ọ̀gá lọ sílé-ìwé. Láàárín ìyẹn, wọn yóò fi bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ ní ìdí hàn ọ́, àti bí wọ́n ṣe ń so dírípù. Nígbà tí oṣù 6 bá pé, wọn yóò ní o kò tíì mọ̀ ọ́n tó, kí o fi oṣù 6 mìíràn lé e. Kí o tó mọ̀, ó ti di ọdún 2. Wọn yóò wá ṣe fíríìdọ̀mù fún ọ: ìrẹsì, mínírà, aṣọ ẹbí, ẹni tí ń ya fọ́tò. Ìyá rẹ yóò lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kó má baà di ẹni ẹ̀tẹ́. Ọ̀gá yóò na ìwé ẹ̀rí kan sí ọ, tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò kí òjò má pa á. Ìwé yẹn kò lè gbà ọ́ wọlé síbì kankan.

Nítorí kí ni? Orúkọ rẹ kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó wà. Láti 1979 ni òfin ti pa ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn agbẹ̀bí pọ̀ di ọ̀kan ní Nàìjíríà. Nursing and Midwifery Council of Nigeria ni orúkọ rẹ̀, Council ni àwa ń pè é. Àwọn ló ń fún ilé-ẹ̀kọ́ láṣẹ, àwọn ló ń ṣe ìdánwò àṣejáde, àwọn ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Láísẹ́ǹsì náà kì í ṣe ti ayérayé, ọdún 3-3 la máa ń tún un gbà. Ẹni tí kò ní in, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí, òfin ló ń lù. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́, tí ẹbí aláboyún dé pẹ̀lú ọlọ́pàá, ọ̀gá tó ṣe fíríìdọ̀mù fún ọ yóò ní ọmọ tó ń gbálẹ̀ fún òun ni ọ́. Òótọ́ ló sì sọ!

O ń wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ. O fẹ́ sọ pé ìyá agbẹ̀bí inú ìjọ yín kò lọ síbi kankan, síbẹ̀ àwọn obìnrin ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Sọ ọ́, kí ni o ń pa mọ́ra?

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìléṣà ni a wà. Òkè-Òye níbí ni ìsọjí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930, tí èrò fi ń ti ọ̀nà jíjìn wọ́ wá gbàdúrà, tí wọ́n ń bu omi lọ sílé. Inú ìsọjí yẹn ni ìjọ CAC ti gbilẹ̀. Ìjọ tó bá ní àdúrà àti omi ni ìwòsàn tó, kò ní ṣàì wá ibi tí aboyún yóò máa bí sí. Bí àwọn ilé ìgbẹ̀bí inú ìjọ ṣe di púpọ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń ṣe é kì í ṣe aláìkẹ́kọ̀ọ́ pátápátá, ìjọ máa ń kọ́ wọn, wọ́n sì máa ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbà fún ìgbà pípẹ́. Owó wọn kò pọ̀. Wọ́n ń bá aboyún gbààwẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, wọ́n mọ orúkọ ìyá ọkọ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá ń rọbí lóru, wọ́n á di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n á máa kọrin fún un.

Kí ni obìnrin kan náà ń bá pàdé lọ́dọ̀ tiwa ní ọsibítù? N kò ní purọ́ fún ọ nítorí pé mo wọ funfun. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ, mo rí nọ́ọ̀sì tó gbá aláboyún létí nítorí pé ó kígbe. "Ṣé èmi ni mo fún ọ lóyún?" ni ó ń sọ. Mo rí ibi tí wọ́n ti ní kí ọkọ lọ ra ìbọ̀wọ́, lọ ra abẹ́rẹ́, lọ ra ọṣẹ ìfọlẹ̀, nígbà tí orí ọmọ ti yọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí ìyẹn lórí ọmọ àkọ́kọ́, ilé ìjọ ni yóò gbà lọ lórí èkejì. Ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni pé wọn yóò gba káàdì ní ọsibítù nítorí àyẹ̀wò, wọn yóò sì lọ bí lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí. Nítorí náà, ohun tí ìwọ fẹ́ ṣe, agbẹ̀bí tó gba láísẹ́ǹsì tí yóò wá bá aboyún nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, iṣẹ́ tí à ń wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, ibi tí orin kì í dé ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Ọmọ ti jáde, ó ti ké, gbogbo ilé ti ń jó, àwọn èèyàn ti ń kí ìyá kú ewu ọmọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ikú máa ń wọlé. Ilé ọmọ tó yẹ kó sún kì, kó le bí òkúta lábẹ́ ọwọ́ rẹ, yóò rọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ibi ọmọ yóò wà ní ṣíṣí, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà wọnú aṣọ, wọnú ẹní, ìyá náà yóò sì ní oorun ń kun òun. Kì í ṣe oorun! Kò gba wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò fọwọ́ pa ikùn náà títí ilé ọmọ yóò fi le, yóò fún un ní oògùn tó ń mú un sún kì, yóò so dírípù, yóò wò ó bóyá ibi jáde tán tàbí ó ṣẹ́ kù, bóyá ojú ara fàya, yóò sì ti ní kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ bọ̀. Nígbà kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kì í ṣe kó dúró wo èyí kó tó ṣe ìyẹn. Oxytocin tí à ń gún, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Tó bá ti gbóná, omi lásán ni o ń gún sí èèyàn. Misoprostol oníhóró ni èyí tó ń fara da ooru. Ìwọ tí o fẹ́ máa lọ láti ilé dé ilé, ta ni yóò kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ yẹn láàárín oṣù 6, nígbà tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ kò mọ̀ ọ́n?

Tún gbọ́ èyí. Ojú kì í wọn ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo ti pẹ́ nínú rẹ̀, ojú mi máa ń pè é ní díẹ̀ nígbà tó ti pọ̀ kọjá ààlà. Ní 2023, àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní àwọn ọsibítù ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Ọ̀rá kan báyìí ni wọ́n tẹ́ sí abẹ́ ìdí ìyá, tó ní àpò tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí, kí agbẹ̀bí lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà gan-an. Bó bá ti dé ojú ìlà, wọ́n á da gbogbo ìtọ́jú yẹn bò ó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídà sọ di ẹni à ń du ẹ̀mí rẹ̀ dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ọ̀rá, Àdùkẹ́! Ọ̀rá àti ọwọ́ tí wọ́n kọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe ní 2018, ìyá 512 ni wọ́n ṣírò pé ó ń kú lórí ọmọ 100,000 tí a bá bí láàyè ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní iwájú nínú ohun tó ń pa wọ́n.

O ní kí n wo fídíò obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń bímọ nínú omi nílé, tí agbẹ̀bí jókòó ti kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wò ó, o fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí wọn kò yà sínú fídíò ni báàgì rẹ̀. Atẹ́gùn wà níbẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ tí kò ké nínú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ní ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, agbẹ̀bí ìjọba ló ń lọ gbẹ̀bí nílé, ọdún 3 ló fi kà á ní yunifásítì, ó sì ti gba ọmọ 40 kí wọ́n tó fún un ní ìwé. Àwọn méjì ni wọ́n sábà máa ń lọ. Wọ́n ṣe ìwádìí kan níbẹ̀ tó jáde ní 2011, lórí obìnrin tó lé ní 64,000. Àwọn tó ti bímọ rí, tí ara wọn le, ilé bọ́ sí i fún wọn àti ọmọ wọn. Àmọ́ àwọn tó ń bí àkọ́bí, nǹkan bí 45 nínú 100 nínú wọn ni wọ́n gbé kúrò nílé lọ sí ọsibítù kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì! Wọ́n gbé wọn nítorí pé áńbúláǹsì wà, ọ̀nà dára. Ìwọ wá ro ara rẹ ní Ìfẹ̀wàrà, níbi tí o ní o ti fẹ́ ṣiṣẹ́, ní aago 2 òru, tí òjò ń rọ̀, tí ọlọ́kadà ti pa fóònù. Iṣẹ́ agbẹ̀bí inú ilé le ju ti ọsibítù lọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló yẹ kó gùn jù. Ìwọ wá lọ yan èyí tó kúrú jù. Orí rẹ pé, àbí?

Mu omi díẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀nà tó wà.

Ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí lágbàáyé, ICM, ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí kò ṣe nọ́ọ̀sì rí kò gbọdọ̀ lo kéré sí ọdún 3 lórí ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì, oṣù 18 ó kéré tán. Tiwa kò jìnnà sí i. Láyé tiwa, Grade Two wà: ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà lè wọlé ọsibítù míṣọ́nnì, kó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ọdún 2. Ọ̀nà yẹn ti dí. Má sọ fún mi pé ìyá lágbájá ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀, School of Midwifery ọdún 3 ló wà káàkiri. Ní báyìí, wọ́n ti ń sọ ọ̀pọ̀ wọn di kọ́lẹ́jì nọ́ọ̀sì tó ń fúnni ní ND àti HND, JAMB sì ti wọ̀ ọ́. Yunifásítì tún wà, ọdún 5. Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní 1965, Ifẹ̀ náà ń ṣe é, ẹni tó bá jáde níbẹ̀ máa ń di nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí pọ̀. Council tún ní ètò agbẹ̀bí ìgbèríko, ọdún 2, àmọ́ òkè Ọya ni ó pọ̀ sí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó rẹ pé òun ń ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé òun.

Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní index. Orí rẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ òbí ti wọmi. Council ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún, wọ́n á wo iye olùkọ́, iye ibùsùn, iye ọmọ tí wọ́n ń bí ní ọsibítù tó so mọ́ ọn. Àwọn tí wọ́n bá fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sínú iye yẹn ni wọ́n ti ṣe index fún. Àwọn yẹn nìkan ló lè jókòó ṣe ìdánwò Council. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà, tí ojú rẹ̀ bá ti wà lára owó, ká ní ààyè 50 ni wọ́n fún un, ó lè gba ọmọ 90. Àwọn 40 tó kù ń wọ funfun, wọ́n ń san owó, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọn kò mọ̀ pé àwọn kò sí nínú ìwé. Ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ṣe ìdánwò ni wọ́n máa ń mọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì ní kí wọ́n dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ rọjú tí kò sì ní index fún ọ, òun ló wọ́n jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ó tún ku Physics tí o gba F. Mo ti gbọ́, má bò ó. Council fẹ́ kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry, Physics, ní ìjókòó tí kò ju méjì lọ. O ní, "Àǹtí, kí ni Physics fẹ́ fi gba ẹ̀bí?" Dírípù tó ń kán láti òkè wá sínú iṣan, kí ló ń fà á wálẹ̀? Ẹ̀rọ tí o fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí o ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, kí ló ń gbé ìlà rẹ̀ sókè? Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga tí o kò wọ̀n ọ́n ni gìrì máa ń gbé lójú rẹ. Lọ ka Physics.

Bàbá rẹ ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ College of Health Technology tiwa níbí, ní Ìléṣà. Òótọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, láti ilé ni wàá ti máa lọ, oúnjẹ ìyá rẹ ni wàá máa jẹ, owó ọ́sítẹ́ẹ̀lì kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, tí à ń pè ní CHEW, ìwé wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ Council, ìgbìmọ̀ tiwọn ọ̀tọ̀ ló ń bójú tó wọn. Wọ́n ń gbẹ̀bí ní ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, abúlé tí dókítà kò dé, àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín wọn nínú ilé mi. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe agbẹ̀bí, wọn kò sì lè pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìlera abúlé lápapọ̀ ló wù ọ́, gba ibẹ̀ lọ, mo fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ agbẹ̀bí ni ọkàn rẹ ń sọ lóru, fi ọdún kan tún Physics ṣe. Ọdún kan kì í ṣe ikú.

Kí o má sì rò pé ilé ńlá àti ẹ̀rọ ni mo fi ń dá ọ lẹ́rù. Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tó jẹ́ pé ogun Kírìjì nìkan ni àwọn ará ìta fi mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni David Morley, dókítà ọsibítù Wesley Guild wa níbí, ti lọ ṣí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Kì í ṣe dókítà ló ń rí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ náà, nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní ohun pàtó tó ń pa ọmọ ní abúlé yẹn: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ibà, àìjẹunre-kánú. Káàdì tí wọ́n ń fi ìlà fa ìwọ̀n ọmọ sí, tí ìyá máa ń gbé lọ sílé, ibẹ̀ ló ti gbòde kan kó tó wọ gbogbo ayé lọ. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún ọ pé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ olówó kékeré, kó wà ní abúlé, kó sì jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń pa èèyàn ni.

Bá mi mú bírò. Owó ilé-ìwé tí wọ́n kọ sára ògiri kì í ṣe owó ilé-ìwé. Fọ́ọ̀mù, owó ìgbàwọlé, aṣọ, bàtà, ìwé, irin iṣẹ́, owó Council, owó ìdánwò, owó ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n bá gbé ọ lọ fún iṣẹ́ ọwọ́, tí kì í ṣe inú ọgbà wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ kéré, owó ọkọ̀ àti ilé yóò gba ohun tí o rò pé o jẹ lérè. Tún béèrè iye ọmọ tí wọ́n ń bí lóṣù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, kí o fi iye akẹ́kọ̀ọ́ pín in. Mo ti rí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án yí aboyún kan ká bí ẹni tó ń wo eégún, ẹnìkan ṣoṣo ló fọwọ́ kan ọmọ. Àwọn mẹ́jọ yòókù san owó tiwọn láti wòran.

Owó yíyá ìjọba àpapọ̀ tí kò ní èlé, èyí tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, NELFUND, wà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Béèrè bóyá èyí tí o fẹ́ wà nínú rẹ̀, má kàn gbà pé ó wà. Ní tèmi, JAMB tìrẹ ti wà lọ́wọ́ mi, màá san owó ẹni tí yóò kọ́ ọ ní Physics, ìwé ìgbẹ̀bí tí mo ní yóò di tìrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbó. Bàbá rẹ yóò wá ti ìgbàwọlé. Fóònù tuntun tí o ń bẹ̀bẹ̀ fún, n kò gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì mọ̀ pé o ti ń rò ó láti gba London lọ. Gbogbo yín. Láti oṣù kejì 2024, Council ti ní ẹni tó bá gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé ó kéré tán ọdún 2 kí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì bínú sí i gidi, n kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n fún ìwọ tí o ní Ìfẹ̀wàrà ni o fẹ́ ti ṣiṣẹ́, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, wọ aṣọ tó bo orúnkún, wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, kọ́lẹ́jì ìjọba ní Àsùbíàrò ni kí o kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà, lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn ti OAUTHC, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀. Má béèrè iye owó lákọ̀ọ́kọ́. Béèrè bóyá Council fún wọn láṣẹ, àṣẹ kíkún ni àbí onígbà díẹ̀, ọdún wo ni yóò parí. Béèrè iye ààyè tí wọ́n ní, àti iye ọmọ tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá. Béèrè iye tó ṣe ìdánwò àti iye tó yege. Kọ ìdáhùn sínú ìwé, má fi sórí. Lẹ́yìn náà, lọ sí ẹnu géètì, kí o dúró de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde, kí o bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, kí o wò ó bóyá ẹnu wọn bára mu.

Tí akọ̀wé kan bá ń yí ọ sọ́tùn-ún sósì, tó ní kí o padà wá lọ́la, rántí irú ọmọ tí o jẹ́. Bàbá bàbá rẹ ṣe Òṣómàáló. Aṣọ ló ń rù káàkiri, ó ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá sì pé, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Lílóṣòó ló máa ń lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Lóṣòó sí iwájú ọ́fíìsì akọ̀wé náà.